Aago Tí Hilkka Gbé Wá

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ta kọ̀ǹpútà ní Kajaani.
Mo mọ ẹni tó fẹ́ rajà, mo mọ ẹni tó kàn wá yáná.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òtútù ń jẹ etí bí ìjàlọ,
Hilkka Moilanen ti ilẹ̀kùn wọlé,
ó gbọn yìnyín sórí ẹní wa,
ó ní òun fẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká kan
tí kò ní jẹ́ kí òun hewú níwájú rẹ̀ ju báyìí lọ.

Mo gbé méjì kalẹ̀. Àwọ̀ eérú kan náà,
ojú méjèèjì ń dán bí adágún lóṣù kẹsàn-án.
"Ọpọlọ eléyìí yá ju ti ìkejì lọ," mo wí bí wọ́n ṣe kọ́ mi.
"Igba ó lé ọgọ́rin yúrò péré ló fi wọ́n jù ú."
Péré. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ń san owó oṣù fún mi.

Kò dá mi lóhùn. Ó kiwọ́ bọ àpò,
ó fa aago kan yọ, aago onírin tí okùn rẹ̀ ti gbó,
èyí tó fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá fún àwọn ọmọdé
tó ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín la igbó páìnì kọjá
ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ wọn léré.
"Tan méjèèjì." Mo tàn wọ́n.
"Ṣí lẹ́tà. Ṣí fọ́tò. Ṣí báńkì."
Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.
Mẹ́sàn-án. Méje.
Mẹ́rin. Mẹ́rin.
Ti báńkì, mọ́kànlá fún èyí tó wọ́n, mọ́kànlá fún èyí tí kò wọ́n.

"Ìṣẹ́jú àáyá méjì," ó wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.
"Mo ti rí ọmọ tó sunkún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìdajì rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ta ni mò ń bá sáré báyìí?
Lẹ́tà tí mò ń kọ sí ọmọ mi ní Oulu,
ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rò ó kí n tó tẹ 'Báwo ni'.
Èmi ni mò ń falẹ̀. Kì í ṣe irin.
Ọ̀bẹ tó mú kò sọ ẹran di púpọ̀ nínú ọbẹ̀."

Ó wá ń ṣírò owó náà lójú mi:
igi ìdáná títí dé òpin oṣù kẹta,
tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Oulu lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
kó mu kọfí lọ́nà, kó má sì wo iye rẹ̀.
Mo fẹ́ sọ pé, "Bó bá dọdún márùn-ún…"
Ó wò mí. Mo gbé e mì.

Eero ọmọ Karppinen ń fọwọ́ pa èyí tó wọ́n lára
bí ẹni ń tu ẹṣin lójú.
Fíìmù ló ń ṣe, ti àwọn apẹja tó ń lu adágún dídì.
"Ìwọ, báwo lo ṣe máa ń dúró pẹ́ tó?"
Hilkka bi í, àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ aago láìmọ̀.
"Ogójì ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, kó tó jinná."
"Rà á. Kí lo tún ń wò?
Ọjọ́ ayé rẹ lò ń sè nínú ìkòkò yẹn."

Eero mú olówó gọbọi, Hilkka mú ìkejì.
Inú ọ̀gá mi dùn sí méjèèjì.
Mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín.
Èyí tó yá jù lọ nínú ọjà wa wà nílé mi,
gbèsè rẹ̀ ku oṣù mọ́kàndínlógún.
Ojú ọjọ́ ni mo fi ń wò.
Kíá ló ń sọ fún mi pé òtútù ń bọ̀.
Mo mọ̀. Ibí ni mò ń gbé.

Nígbà tí mo fẹ́ tilẹ̀kùn,
aago Hilkka wà lórí káńtà, ó ti gbàgbé rẹ̀,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì ń yí.
Mi ò mọ ti ta ló ń kà.
Mo ti fi àtàǹpàkò lé e lórí,
mi ò tíì tẹ̀ ẹ́.